Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Strip Àyẹ̀wò Ṣúgà Tí Kì Í Tó Oṣù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ní àtọ̀gbẹ irú àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ insulin ni ó sì ń lò. Dókítà ní kí a máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́: kí ó tó jẹun ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, àti kí ó tó sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá rẹ̀, orúkọ gbogbo wa sì wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Síbẹ̀, agolo strip kan péré (pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, tí a ń kì bọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò), tí ó ní 50 nínú, ni wọ́n ń fún wa lóṣù ní ilé ìwòsàn tí wọ́n pín wa sí. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ibi tí ìṣúráǹsì fọwọ́ sí mọ nìyẹn. Owó ara wa ni a fi ń ra èyí tó kù, ó sì ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé mo ká ọmọ náà mọ́ ibi tí ó ti ń kọ nọ́ńbà tí kò yẹ̀ wò rárá sínú ìwé rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí strip tètè tán. Ṣé a lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún púpọ̀ sí i? Ọ̀dọ̀ ta ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ọmọ, Òkè-Fìà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó ká mi lára jù nínú ìwé yín, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ mú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe nà án, kí a má sì bú u. Ó ti rí i pé owó strip ń ni àwọn òbí òun lára, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi bá wọn dín in kù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ìwé yẹn ni dókítà ń wò kí ó tó pinnu iye insulin tí ọmọ yóò máa gún. Bí ó bá kọ 210 mg/dL, tó ga jù, sílẹ̀ ní alẹ́ tí ṣúgà rẹ̀ wà ní 65, tó lọ sílẹ̀ jù, tí dókítà sì tìtorí bẹ́ẹ̀ fi kún insulin rẹ̀, ọmọ náà lè dákú lójú oorun. Kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ jọ jókòó tì í, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ owó strip kì í ṣe ẹrù ọmọdé, àti pé ibi tí kò bá ti yẹ̀ wò, àlàfo ni kí ó fi sílẹ̀. Àlàfo náà yóò wúlò fún yín níwájú HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò owó adójútòfò yín, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́.

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àyẹ̀wò mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 120 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ìdajì ọjọ́ kẹtàlá ni agolo 50 yóò ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rin kò pọ̀ jù fún ẹni tí kò lè ṣe aláìgún insulin: ìlànà American Diabetes Association tilẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ irú wọn lè nílò láti yẹ ara wọn wò ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Dókítà yín kò fi ti àṣejù ṣe é rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí wà nínú ọ̀nà tí owó ń gbà dé ilé ìwòsàn, ohun tí wọn kì í sì í ṣàlàyé fún aláìsàn nìyí. HMO ń san iye kan pàtó lóṣooṣù fún ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n pín yín sí, lórí olúkúlùkù ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, yálà ẹni náà wá gba ìtọ́jú tàbí kò wá. Gbogbo agolo strip tí wọ́n bá gbé fún yín, inú owó tí wọ́n ti gbà tán ni ó ti ń jáde. Mi ò rò pé ìkà ni ó ń mú kí wọ́n fún yín ní ẹyọ kan. Bí a ṣe to owó náà ni ó fà á. Ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá yàtọ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n ń kọ owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí HMO, lẹ́yìn tí HMO bá ti fi kóòdù fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kí ẹ dẹ́kun àríyànjiyàn nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń pín oògùn, kí ẹ sì béèrè fún ìwé tí yóò tari ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ ọmọdé, irú èyí tí ẹ lè béèrè fún ní UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo níbí. Bí ẹ ti ń ṣe èyí, ẹ gba ìwé àǹfààní tí ó bá ètò yín mu lọ́wọ́ HMO, kí ẹ sì fi ìwé bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: ṣé strip tí a ó máa lò nílé wà nínú rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ti fi gbèdéke sí i, ta ni ó ní àṣẹ láti gbé gbèdéke náà kúrò?

Ìwé tí dókítà yóò kọ ni ọ̀pá tí ẹ ó fi ti gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ìwé oògùn lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀ ju «glucose strips, 1 pack» lọ. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní HMO kò mọ ọmọ yín rí. Iye tó bá rí lórí ìwé ni yóò fọwọ́ sí, ẹyọ kan náà ni wọn yóò sì gbé fún yín. Ẹ bẹ dókítà kí ó kọ ọ́ ní kíkún, bí ẹni pé: «Ọmọ ọdún 14 yìí ní àtọ̀gbẹ irú àkọ́kọ́, insulin ni ó sì fi ń gbé ayé. Ó gbọ́dọ̀ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lójoojúmọ́, àti nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tí àìsàn mìíràn bá kọ lù ú. Ó nílò strip 150 àti abẹ́rẹ́ ìgúnka 150 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. Láàrin oṣù tó kọjá, ṣúgà rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 70 ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí.» Kí ó wá to àwọn ọjọ́ náà sílẹ̀. Strip 30 tó lé lórí 120 kì í ṣe ọ̀kánjúwà: èyí tí ẹ̀jẹ̀ kò kún dáadáa máa ń bàjẹ́, ọjọ́ ibà sì ń fẹ́ àyẹ̀wò tó ju mẹ́rin lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ni ẹ̀rí yín. Kí ó máa kọ déètì, aago, nọ́ńbà, ohun tí ó jẹ àti iye insulin tí ó gún. Àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò a máa tọ́jú nọ́ńbà sínú ara wọn, nítorí náà dókítà lè fi ti inú ẹ̀rọ wé ti inú ìwé, ìdí mìíràn nìyẹn tí irọ́ kò fi yẹ níbẹ̀. Bí ojú ìwé náà bá kún láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù títí dé ọjọ́ kejìlá, tí àlàfo wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò rí ibi tí agolo ti tán. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ìwé dókítà pẹ̀lú àwọn rìsíìtì èyí tí ẹ fi owó ara yín rà.

Bí HMO bá kọ̀, ẹ má ṣe gba «rárá» orí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí dókítà yín bá dókítà tiwọn sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí akọ̀wé kò lágbára lé lórí, dókítà lè yanjú rẹ̀ pẹ̀lú dókítà. Bí ìyẹn náà kò bá so èso, ẹ kó gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ sí ọ́fíìsì NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, tó wà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, èyí tí ó sọ NHIS, orúkọ àjọ náà tẹ́lẹ̀, di NHIA, fi àbójútó àwọn HMO sábẹ́ àjọ náà, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbọ́ ẹjọ́ yín.

Ẹ tún kíyè sí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò. Strip àti ẹ̀rọ dà bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo: ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu. Bí irú strip tí HMO ń san owó rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ yín, ó sàn kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ra ẹ̀rọ, ojoojúmọ́ ni a ń lo strip. Kí ìdérí agolo máa wà ní dídé pinpin, kí ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tàbí sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, nítorí ooru àti ọ̀rinrin a máa ba strip jẹ́ kí ọjọ́ ara agolo tó pé.

Kí ìdáhùn tó dé, bí strip kò bá tó, ẹ bi dókítà èyí tí a kò gbọdọ̀ fò rárá. Ní tèmi, n kò ní fò èyí tí a ń ṣe kí ó tó gún insulin, èyí tí a ń ṣe kí ó tó sùn, àti èyí tí a ń ṣe bí ó bá ń làágùn tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nǹkan kan kù: nínú ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó ń wà lábẹ́ òbí. Ọdún mẹ́rin ló kù fún tiyín. Ẹ tètè béèrè ètò tí yóò gbà á wọlé nígbà náà, nítorí insulin kò ní ọjọ́ ìsinmi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ti lé ní ẹni ọdún 70, Medicare, adójútòfò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, ni ó sì ń lò. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní insulin, ṣùgbọ́n strip 100 ni ó ṣì ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, inú rẹ̀ ni ó sì ti ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá wa nílé. Ṣé iye tó tọ́ sí i nìyẹn? — Àbúrò, Ìgbọ̀nà.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lábẹ́ Part B ti Medicare, ìyẹn apá tó ń san owó dókítà àti ohun èlò ìtọ́jú, strip 100 ní oṣù mẹ́ta ni ti ẹni tí kò lo insulin. 300 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìgúnka 300 ni ti ẹni tó ń lò ó. Ó jọ pé ìwé àtijọ́ ni olùpèsè strip rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Kí ó ní kí dókítà kọ ìwé tuntun tí ọ̀rọ̀ insulin hàn nínú rẹ̀ gbangba. Bí 300 kò bá sì tó, Medicare lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ bí dókítà bá ṣàlàyé ìdí, tí àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé ẹ̀gbọ́n yín ń lò wọ́n bí ó ti sọ. Láti ọdún 2023 pàápàá, ẹni tó ń gún insulin lè béèrè fún ẹ̀rọ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, tí ó ń ka ṣúgà tọ̀sán-tòru.

Ti èyí tí ó ń fi ránṣẹ́ sí màmá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè pa á lára. Strip tí ó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní hàn nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá béèrè fún púpọ̀, àkọsílẹ̀ yóò sọ pé kò lo èyí tí ó ní tán. Òṣogbo níbí ni kí ẹ ti wá ti màmá; bí wọn kò bá sí lábẹ́ ètò kankan, ẹ lọ bi ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bí wọ́n ṣe lè forúkọ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Metformin, oògùn oníkóró, nìkan ni mo ń lò fún àtọ̀gbẹ irú kejì. HMO mi kọ̀ láti fún mi ní strip rárá. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ sùn? — Bàbá Káfíńtà, Òkè-Baálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, n kò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo metformin nìkan, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kò nílò láti máa gún ìka lójoojúmọ́, nítorí oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Àyẹ̀wò tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró lé lórí ni HbA1c, èyí tí ó ń fi bí ṣúgà ti rí láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta hàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, tàbí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oògùn yín. Òun ni kí ẹ bá HMO jà fún bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Bí dókítà bá fi insulin tàbí glibenclamide, oògùn oníkóró tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ jù, kún oògùn yín lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, kí ẹ béèrè fún ìwé strip lọ́jọ́ náà gan-an.