Síìmù méjì, rédíò kan: ìdí tí dátà fi ń dákẹ́ tí ẹ bá wà lórí ìpè

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní bí ẹ bá ti ń fi síìmù kìíní sọ̀rọ̀, dátà síìmù kejì á dákẹ́ lọ gbáà, ẹni tó bá sì pè é kò ní rí yín bá sọ̀rọ̀. Fóònù yín ò bàjẹ́ rárá. Rédíò kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀yà inú fóònù tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ni síìmù méjèèjì jọ ń lò. DSDS (Dual SIM Dual Standby, síìmù méjì tó jọ ń dúró de ìpè) ni wọ́n ń pe irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ò bá pe ẹnikẹ́ni, rédíò yìí á yà sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, á tẹ́tí wò bóyá ìpè wà, á tún sáré sọ́dọ̀ èkejì. Lórí 4G, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.28, kíá ló sì ń parí, ìyẹn lẹ ò fi ń fura. Ṣùgbọ́n ìpè kì í jẹ́ kó ráyè yà síbòmíràn mọ́.

Ẹ gbé dátà sórí síìmù tí ẹ fi ń pè, kí ẹ sì tan VoLTE, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G. Láìsí VoLTE, 4G yóò já sí 3G tàbí 2G kí ìpè tó lè wọlé. Tó bá jẹ́ dandan kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, fóònù DSDA (Dual SIM Dual Active, síìmù méjì tó lè jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) ni kẹ́ ẹ wá.