Bungalow àbí flat?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀yin ará wa. Bàbá mi ń kọ́lé sí Kábbà, bíríkìlà ní bungalow ni, ẹ̀gbọ́n mi ní flat ni, wọ́n ti ń jiyàn látàárọ̀. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Okun o, ọmọ wa, ẹ bá wa kí bàbá, ilé á tura. Ilé tí ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni bungalow, àmọ́ Íńdíà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn wá o, "bangla" lédè Hindi, ìyẹn ilé bíi ti Bengal, ilé ilẹ̀ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Òyìnbó tó lọ ṣòwò níbẹ̀ ló gbé e, kó tó di 1700 ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì. Flat ní tiẹ̀, "flet" àwọn ará Scotland ni, ilẹ̀ inú ilé, àmọ́ apá kan nínú ilé tí ìdílé kan lè dá gbé là ń pè bẹ́ẹ̀ báyìí. Bungalow kan lè ní flat méjì nínú, nítorí náà kí bíríkìlà máa da sìmẹ́ǹtì ẹ̀ lọ jàre.