Bíbo ojú ẹni nínú fọ́tò kò tó láti dáàbò bò ó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni nínú ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù. A fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa kọ ìtàn láti ojú iṣẹ́ sórí ayélujára, kí aráyé lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n sì dá owó. Olùkọ́ kan tí a pè sọ fún wa pé ìtàn ẹni tí àjálù bá ló ń wọni lára jù, pé bí a bá ti bo ojú rẹ̀ nínú fọ́tò tí a kò sì dárúkọ rẹ̀, kò séwu mọ́. Ó ní ọjọ́ kan ti tó fún ẹ̀kọ́ náà. Ṣé òótọ́ ni? Irú fóònù wo ló sì yẹ ká rà fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ní ti fóònù, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti tó. Ẹ má fi owó ìrànwọ́ ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ bíbo ojú yẹn ni mo fẹ́ dúró lé, torí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà, inú sì ń bí mi pé àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ aláàánú láti kọ́ wọn ní ohun tó lè kó bá ẹni tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́. Rárá ni èsì mi. Bíbo ojú kò tó, àìdárúkọ kò tó, a pa méjèèjì pọ̀, kò tó síbẹ̀.

Ẹ bi ara yín: ta gan-an là ń fi ẹni yìí pa mọ́ fún? Ẹni tó wà lókè òkun tó ń wo fóònù rẹ̀ kò mọ obìnrin tó wà nínú fọ́tò náà rí. Bó rí ojú rẹ̀ kedere, kò mọ̀ ọ́n; bí kò rí i, kò mọ̀ ọ́n náà ni. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló lè ṣe é níbi: ọkọ tó ń lù ú títí ó fi sá kúrò nílé, agbébọn tó jó abúlé rẹ̀, ẹni tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ tà, ará àdúgbò tó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi àjálù náà rù. Irú wọn kò nílò ojú kí wọ́n tó dá a mọ̀. Wọ́n mọ ìdúró rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, wọ́n mọ aṣọ ọrùn rẹ̀ tó jẹ́ òun nìkan ló mú sá jáde, wọ́n mọ ọmọ tó gbé dání. Àjèjì nìkan ni ìbòjú ń dí lójú, ewu kò sì ti ọ̀dọ̀ àjèjì wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sábẹ́ fọ́tò. Wọ́n á kọ ọ́ pé: ‘Ìyá kan tó bí ìbejì lóru tí omi wọ̀lú, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́, ń sùn lábẹ́ tápólì nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.’ Kò sí orúkọ níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mélòó ló bí ìbejì lóru yẹn nínú ọgbà yẹn? Gbogbo àgọ́ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kà á délẹ̀. Ní ọdún 2000, Latanya Sweeney, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò kan tó fi hàn pé bí èèyàn bá ní ọjọ́ ìbí ẹnìkan, tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tó sì ní nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun mẹ́ta yìí nìkan tó láti ya nǹkan bí 87 nínú gbogbo 100 ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀. Orílẹ̀-èdè ńlá nìyẹn o. Ẹ wá wo àgọ́ tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti mọ ara wọn láti kékeré.

Fọ́tò náà tún ní ẹnu tirẹ̀. Kámẹ́rà fóònù máa ń kọ ọjọ́, wákàtí àti irú fóònù sínú fáìlì fọ́tò, bí lokéṣọ̀n bá sì wà ní ṣíṣí, ó ń kọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an. EXIF ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ yìí. WhatsApp máa ń yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi document kó má baà di bàìbàì, tàbí kẹ́ ẹ fi í sínú í-meèlì, gbogbo àkọsílẹ̀ náà ń bá a lọ ni. Ẹ pa lokéṣọ̀n kámẹ́rà. Bí ẹ bá sì ti pa á, òkè tó wà lẹ́yìn, pátákó ilé-ìwòsàn àti afárá tó já kò ṣeé pa.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sọ ọ́. Nínú ìlànà tí UNICEF gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń ròyìn ọmọdé, wọ́n sọ ọ́ láìfi bọ pé kí á má gbé ìtàn tàbí àwòrán tó lè fa ewu bá ọmọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, kódà bí a bá ti yí orúkọ padà tí a sì ti fi ojú pa mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní ẹni náà ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun gbà kí ẹ lo ìtàn òun. Ẹni tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, báwo ni yóò ṣe kọ ohun tí ẹ bá bi í? Ẹni tí kò sí lára àwọn tó ń pín nǹkan ni kó lọ bi í, lẹ́yìn tí nǹkan ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó sì sọ òótọ́ fún un pé ohun tó bá ti bọ́ sórí ayélujára kò ṣeé kó padà tán. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 lórí ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn ẹni tí àjálù bá sọ pé kí á gbọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí á má sì fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ìtàn rẹ̀. Bíbi èèyàn léraléra torí àtigba ọ̀rọ̀ tó ń mú omijé wá lẹ́nu rẹ̀, ipá ni.

Kí ni kí ẹ wá kọ́ wọn? Ẹ kọ́ wọn láti sọ ìtàn tiwọn. Awakọ̀ tó dé odò tó bá afárá lábẹ́ omi, tó yí padà, tó wá ọ̀nà mìíràn, ìtàn ni. Ẹni tó ń da kẹ́míkà apakòkòrò sínú táǹkì omi tó sì ń ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kó tó bu omi náà mu, ìtàn gidi ni, ó tún ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Kí ó sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á, ohun tí kò tó lọ́wọ́ wọn, iye páálí tó dé àti èyí tí kò dé. Ẹni tó fẹ́ dáwó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Irú ìtàn yìí ń fi í hàn án láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni. Láti 1994 ni Red Cross àti Red Crescent pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti ní òfin ìwà mẹ́wàá tí wọ́n ń tẹ̀lé nígbà àjálù. Ìkẹwàá rẹ̀ ni pé nínú ìròyìn àti ìpolongo wa, ká máa ka ẹni tí àjálù bá sí èèyàn tó níyì, ká má sọ ọ́ di ohun aláìnírètí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún oníkálùkù.

Ẹnìkan á mẹ́nu ba ìmìtìtì ilẹ̀ Tọ́kì ti February 6, 2023, níbi tí àwọn tí ilé wó lù ti fi fóònù kọ ibi tí wọ́n wà síta fún gbogbo ayé. Àwọn fúnra wọn ló yàn án láti lè yè. Bí irú rẹ̀ bá kan òṣìṣẹ́ yín lọ́wọ́, àwọn tó ń yọ èèyàn lábẹ́ àlàpà ni kó kọ́kọ́ pè. Bí ẹni náà bá sì ti jáde, kí òṣìṣẹ́ yín pa àdírẹ́sì ẹni náà rẹ́ kúrò lójú ìwé tirẹ̀ lórí ayélujára.

Ẹ má gbé nǹkan síta nígbà tí ẹ ṣì wà ní ibi ìpín-nǹkan. Ó di ìgbà tí ẹ bá kúrò. Níbi tí ìjà bá wà, ẹ má sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yín ń gbà rárá. Kí ẹnìkan tí kò sí lójú iṣẹ́, tó ti sùn, tó sì ti jẹun, máa ka ọ̀rọ̀ kó tó jáde, kó sì ní àṣẹ láti sọ pé ó tì. Bí òṣìṣẹ́ kan kò bá fẹ́ kọ, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé kíkọ ọ́ síta ni yóò wo ọkàn rẹ̀ sàn ń tan yín: bí kò bá lè sùn, tí ohun tó rí kò sì kúrò lójú rẹ̀, ẹ mú un lọ bá oníṣẹ́ ìlera.

Òfin tó de ìsọfúnni ẹlòmíràn yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ẹ fi ìlànà yín han agbẹjọ́rò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tèmi kò rọ́pò tirẹ̀.

Ọjọ́ kan kò tó. Ẹ fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn, ó kéré tán, kí ẹ sì lo òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní báyìí: kí oníkálùkù ṣí fóònù rẹ̀, kó wá gbogbo fọ́tò tó ti gbé síta láti ojú iṣẹ́ rí, kó fà á fún ẹni tó jókòó tì í. Kí onítọ̀hún gbìyànjú láti sọ ibi tí wọ́n ti yà á àti ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá mọ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.