Kókó orí ọmọ ìrókò: ẹ má tíì kó wọn lọ sóko

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ ìrókò 60 tó wà nínú ọ̀rá ń wú kókó lórí, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ kó wọn lọ sóko kí òjò àrọ̀kúrò tó dá. Kókó yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ fi abẹ la ọ̀kan. Ẹ óò bá ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́ nínú rẹ̀. Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìyá rẹ̀ ò tó hóró ìrẹsì. Ọ̀mùnú tútù ló ń yé sí. Tí ẹyin bá pa, ọmọ á wọnú ewé, ewé á wú bò ó. Tó bá dàgbà, kókó á là, á fò lọ, ojú ibi tó là á wá máa jẹrà. Ìjẹrà yẹn ló burú jù, torí kì í dúró lórí ewé, ó ń bá ọ̀pá igi sọ̀ kalẹ̀ ni. Igi á yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, kòkòrò á tún bà lé e. Ìdí nìyẹn tí ìrókò ọdún méjì fi lè má ga ju orúnkún lọ.

Ó máa ń dùn mí tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kí èèyàn lọ ra oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí igi kòkó. Ara ewé ni èyí tó pọ̀ nínú oògùn yẹn ń bà lé. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ pa ti sé ara rẹ̀ mọ́nú ilé. Owó lẹ̀ ń dà nù.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa gé kókó, kí ẹ gé e wọnú ibi tó yè, tó ibú ìka kan. Ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sílẹ̀ nítòsí. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ bo àwọn ọmọ ìrókò náà, kí ẹ ri etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá dà á bò wọ́n láìtíì gé kókó tán, ẹ ti ọ̀tá mọ́lé pẹ̀lú ọmọ nìyẹn. Ibòji díẹ̀ náà ń dín in kù: imọ̀ ọ̀pẹ tí oòrùn ń yọ láàárín rẹ̀, tàbí abẹ́ agunmániyè.

Ti ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, abẹ́ abo ìrókò ni kí ẹ ti ṣa èso. Akọ kì í so. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tètè gbìn ín, kì í pẹ́ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa yìnbọn pa àdán: àwọn ló ń gbé hóró ìrókò ká igbó.

Ti oko tẹ́ ẹ bi: rárá. Gbòǹgbò ò ní tíì jinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ó di òjò oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nígbà náà, ẹ má tò wọ́n pọ̀ sójú kan. Ẹ fọ́n wọn sáàárín igi mìíràn. Tí ewé bá wọ́ tán nígbà ọyẹ́, ẹ má fà wọ́n tu. Ẹ fi èékánná ha èèpo: tí oje funfun bá ṣẹ̀, ó wà láàyè.