Èsì: Wọ́n ní ilé wà lórí fóònù, tí wọ́n rí mi wọ́n ní ó ti tán

Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó jọ pé torí ẹ jẹ́ èèyàn dúdú ni wọ́n ṣe ní ilé ti tán, òfin Amẹ́ríkà níbí ò sì gba ìyẹn. Ẹ má tíì lọ pariwo lọ́fíìsì àwọn tó ń fi ilé náà háyà o, wọ́n á kàn tètè bo àṣírí ni. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ fair housing àdúgbò yín, àwọn tó ń gbógun ti ẹ̀tanú nínú ọ̀rọ̀ ilé, kí wọ́n rán tẹ́sítà lọ, ìyẹn àwọn tó máa ṣe bí ẹni tó ń wá ilé: òyìnbó kan, èèyàn dúdú kan, owó tó ń wọlé fún wọn ò jura lọ, ilé kan náà ni wọ́n máa béèrè. Tí wọ́n bá ní kò sí fún dúdú tí wọ́n wá ń mú òyìnbó wo yàrá kiri, ẹ̀rí dé nìyẹn.

Ohun tí ẹgbẹ́ HOPE ṣe ní Henrico lẹ́bàá Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia, nìyẹn, ọ̀rọ̀ dé Supreme Court, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982 wọ́n ní tẹ́sítà dúdú tí wọ́n parọ́ fún lè pẹjọ́, bí ò tiẹ̀ fẹ́ gbalé rárá.

Ẹ ya fọ́tò ìpolówó ilé yẹn lónìí kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn. Ọdún 1 lẹ ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn sí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ọdún 2 fún kóòtù.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ilé kékeré tí lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ń gbébẹ̀, òfin 1968 (Fair Housing Act, tó ka ẹ̀tanú nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀) lè má mú un, òfin 1866 (Civil Rights Act, tó ka ẹ̀tanú àwọ̀ léèwọ̀) lẹ máa lò, kóòtù lẹ sì máa gbà lọ tààrà, kì í ṣe HUD.