Ṣé ẹni tó ń kun mọ́tò lè bá wa kun bàálù?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ra bàálù kékeré oníjòkòó mẹ́rin. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ó sì ti dàgbà díẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí lábẹ́ apá, ó sì ń sán yí orí àwọn rífẹ́ẹ̀tì ká, ìyẹn àwọn ìṣó tó so páànù ara rẹ̀ pọ̀. A mọ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò dunjú. Ó ní òun á kùn ún láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó tó sì máa gbà kò tó ìdajì ohun tí àwọn tó ń kun bàálù ń bèèrè. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó jẹ́ dúdú minimini. Ṣé ká gbé e fún un? Kí ló yẹ ká máa ṣọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Mi ò ní bá ẹni yẹn jiyàn lórí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó fọ́n ọ̀dà kó máa dán gbinrin ju ti ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe bàálù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Fífọ́n ọ̀dà ló rọrùn jù nínú kíkun bàálù. Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà, àti àwọn ibi tí ọ̀dà ò gbọdọ̀ dé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó mọ mọ́tò nìkan ti lè ṣe bàálù léṣe láìmọ̀.

Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ara bàálù ní àdàlù nínú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn bàálù kékeré, tí wọ́n ń pè ní 2024, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Bàbà yẹn ló fún un lágbára, òun náà ló sì jẹ́ kí ìpáàrà tètè máa jẹ ẹ́. Nítorí náà, láti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páànù ọ̀hún ni wọ́n ti máa ń fi alumíníọ̀mù tí kò ní àdàlù bò ó lójú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Alclad ni orúkọ rẹ̀. Ìbòrí yẹn ni ààbò àkọ́kọ́, ọ̀dà ló tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó ń kun mọ́tò bá dé, ẹ̀rọ tó ń yí sándípépà ló máa kọ́kọ́ gbé, á sì ha ara rẹ̀ títí á fi máa tàn yanranyanran. Lára mọ́tò, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lára bàálù yín, ààbò àkọ́kọ́ ló ń ha dànù yẹn, kò sì sí ọ̀dà kankan tó lè dá a padà. Orí rífẹ́ẹ̀tì ni sándípépà sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ kò lè di páànù mú bó ṣe yẹ mọ́.

Kẹ́míkà la fi ń ṣí ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára alumíníọ̀mù. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sójú ọ̀dà, a ó dúró kí ọ̀dà wú kó sì ká jọ, a ó wá fi ohun ìha oníke kó o kúrò. Oníke ni mo wí o. Lára àwọn bàálù ńlá, wọ́n ti rí i pé àwọn tó fi abẹ gé ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù níbi tí páànù méjì ti pàdé ti fa ìlà tín-ín-rín sára páànù láìmọ̀. Gbogbo ìgbà tí bàálù bá gòkè, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ síta, ìlà yẹn á máa jìn sí i, títí á fi sán. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn aláṣẹ pàṣẹ àyẹ̀wò pàtàkì nítorí rẹ̀ lórí oríṣi bàálù kan. Afẹ́fẹ́ kì í ti ara bàálù kékeré bíi tiyín báyẹn, àmọ́ mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ mú abẹ sún mọ́ ọn. Ohun kan náà ni fún gígé tépù àti sítíkà: ẹ gé wọn sórí tábìlì kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n. Kànrìnkàn onírin náà kò gbọdọ̀ kàn án, torí àwọn èérún irin á há sínú alumíníọ̀mù, ìpáàrà á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Kẹ́míkà yìí náà ní ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Wíńdò bàálù yín kì í ṣe dígí, ike akírílíìkì ni. Ẹ̀kán kan tó bá ta sí i ti bà á jẹ́. Ìpẹ̀kun apá, ìbòrí táyà àti apá kan ìdérí ẹ́ńjìnnì sábà máa ń jẹ́ fáíbà, kẹ́míkà á sì jẹ oje tó so fáíbà pọ̀. Ọwọ́ àti sándípépà tó kúnná ni tàwọn ibẹ̀ yẹn. Èyí tó bá wọ ojú ìpàdé páànù tí wọn ò sì fi omi fọ̀ ọ́ jáde, á máa jẹ ẹ́ nínú níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Ní ti àwọn rífẹ́ẹ̀tì tí ẹ sọ, ẹ lọ wò wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá kọjá lójú páànù dípò kó dojú kọ ọ́. Bí ẹ bá rí àwọn ìlà kéékèèké tó wú díẹ̀, tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ jáde láti ẹ̀gbẹ́ rífẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé kòkòrò ń wọ́ lábẹ́ ọ̀dà, ìpáàrà ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti là, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, á wá máa yọ́ lọ lábẹ́ ọ̀dà tó ṣì lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọn ò tọ́jú páànù bó ṣe yẹ kí wọ́n tó kùn ún nígbà náà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ha ọ̀dà ibẹ̀ tí ẹ sì bá ẹbu funfun tàbí eléérú, ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ló kàn. Òun ló máa fọ ìpáàrà náà títí dé ìsàlẹ̀, tó máa wọn iye tó ṣẹ́ kù nínú nínípọn páànù, tó sì máa fi wé ohun tí ìwé àtúnṣe bàálù yẹn gbà láàyè. Páànù míì, pípààrọ̀ ló kù fún un. Ẹni tó bá fi púútì mọ́tò dí irú ibẹ̀, tàbí tó fi dí ibi tó tẹ̀ lára apá, ó fi àléébù pa mọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ bàálù náà wò ni.

Lẹ́yìn tí ara bá mọ́, ìdánwò kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè dúró tì. Kí wọ́n rọ omi tó mọ́ sójú páànù. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò já fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, páànù ti mọ́. Bó bá ká jọ di ẹ̀kán-ẹ̀kán, tàbí tó yà sọ́tọ̀ níbì kan, òróró ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n tún un fọ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Kẹ́míkà míì ló kàn, èyí tó máa ń sọ ojú alumíníọ̀mù di àwọ̀ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀dà á fi lè dì mọ́ ọn, tí kò sì ní jẹ́ kí ìpáàrà tètè wọlé. Práímà epoxy, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló tẹ̀ lé e, láàárín wákàtí tí ìwé rẹ̀ bá sọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà polyurethane, èyí tó máa hàn síta. Ẹ má jẹ́ kó lo práímà tó ṣẹ́ kù lára mọ́tò. Ara bàálù máa ń gbóná janjan nílẹ̀, á sì tutù rinrin lókè, á máa na, á máa sún kì. Ọ̀dà tí kò lè bá a na á sán yí rífẹ́ẹ̀tì ká. Ó dà bíi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn.

Ẹni tó ń fọ́n polyurethane gbọ́dọ̀ wọ ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíì. Isocyanate tó wà nínú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọn lè fún èèyàn ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Práímà tó ní kúrómétì (kẹ́míkà tó ń dènà ìpáàrà) nínú sì lè fa jẹjẹrẹ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ máa fò káàkiri.

Èyí tó kàn yìí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Aileron, elevator àti rudder, àwọn abala tó ń yí létí apá àti ní ìrù, wọ́n ti fi òjé tàbí irin wọ̀n wọ́n dọ́gba níwájú ibi tí wọ́n so wọ́n kọ́. Gbogbo ọ̀dà tó bá kún ẹ̀yìn ibi ìsokọ́ yẹn ń fa ìdọ́gba náà sẹ́yìn. Tó bá kọjá ààlà, bí bàálù bá ti ń sáré dé ìwọ̀n kan, afẹ́fẹ́ á mú abala ọ̀hún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀, gbígbọ̀n náà á sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ó lè já dànù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ṣe ni wọ́n máa tú wọn sílẹ̀, wọ́n á ṣí ọ̀dà àtijọ́ kúrò pátápátá, wọ́n á kùn wọ́n, wọ́n á tún wọn ìdọ́gba wọn bí ìwé bàálù ṣe là á sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀. Kí wọ́n yẹ àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn wò pẹ̀lú. Tí ọ̀dà bá dí i, omi òjò á dúró sínú, omi náà sì níwọ̀n. Òfin Amẹ́ríkà, tó gba awakọ̀ tó ni bàálù láàyè láti tún ọ̀dà ara rẹ̀ kùn fúnra rẹ̀, yọ àwọn abala tí wọ́n wọ̀n dọ́gba yìí sílẹ̀ gedegbe. Ẹ bi àjọ tó fún bàálù yín ní nọ́ńbà ohun tí òfin tiwọn sọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tépù. Lára bàálù, àwọn ihò kéékèèké kan wà tí ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga àti ìwọ̀n eré fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí níta. Wọ́n gbọ́dọ̀ bò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fọ bàálù tàbí tí wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1996, Boeing 757 ti Aeroperú, iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Peru, gbéra ní Lima lóru, ó ń lọ sí Santiago ní ilẹ̀ Chile. Àwọn tó fọ̀ ọ́ ti gbàgbé tépù sójú àwọn ihò náà. Ẹ̀rọ ìwọ̀n gíga àti ti eré ń pa irọ́ fún àwọn awakọ̀ nínú òkùnkùn lórí òkun, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ga tó, bàálù náà sì já sómi. Èèyàn 70 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ò yè é. Tépù tó ní àwọ̀ tó hàn ketekete ni kí ẹ lò, kí ẹ so rìbọ́n pupa mọ́ ọn, kí ẹ kọ iye tí ẹ lẹ̀ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ẹlòmíì ló máa kà á nígbà tí ẹ bá ń ṣí i. Ojú páànù tó yí ihò náà ká gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ọ̀dà tó bá ṣù sétí rẹ̀ tó láti yí ohun tí ẹ̀rọ ń kà padà. Ibi ìsokọ́, eríàlì, ihò tí epo fi ń mí, àti ọ̀pá dídán tó wà lẹ́sẹ̀ bàálù, ọ̀dà ò gbọdọ̀ kàn wọ́n.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹni yín yìí, ọ̀nà kan wà tí mo lè fọwọ́ sí. Kí ẹnjiníà tú àwọn abala tó ń yí, kó bójú tó ṣíṣí ọ̀dà àtijọ́ àti ìtọ́jú páànù títí dé práímà. Kí ẹni yín wá fọ́n ọ̀dà bàálù gan-an sí ara àti apá, kí ẹnjiníà padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, kó wọn bàálù náà lórí òṣùwọ̀n, kó sì fọwọ́ sí ìwé. Owó tí ẹ rò pé ẹ ó fi pa mọ́ á dín kù, mo mọ̀.

Ní ti dúdú, ẹ bá mi bẹ ọ̀rẹ́ yín. Oòrùn máa ń dúró sára rẹ̀, àwọn ibi tó jẹ́ fáíbà kò sì fẹ́ràn ooru. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn bàálù tí gbogbo ara wọn jẹ́ fáíbà fi sábà máa ń funfun. Kódà nígbà tí wọ́n kun Concorde kan ti Air France, bàálù akérò tó ń sáré ju ìró lọ, ní búlúù fún ìpolówó Pepsi lọ́dún 1996, wọ́n fi apá rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun nítorí epo tó wà nínú wọn, wọ́n sì ní kí awakọ̀ má ṣe sá eré Mach 2 (ìlọ́po méjì eré ìró) kọjá 20 ìṣẹ́jú. Tiyín ò ní sáré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá páàkì rẹ̀ sínú oòrùn, ẹ̀yin lẹ máa jókòó sínú rẹ̀. Ìlà dúdú méjì lára funfun á dùn-ún wò.

Kí wọ́n má sì kun tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ọ̀dà wúwo: ti Boeing 747 kan tó nǹkan bí 250 kìlógíráàmù. Lórí bàálù oníjòkòó mẹ́rin, ìwọ̀n ọ̀dà máa ń dín ẹrù àti epo tí ẹ lè gbé kù.

Tó bá ti gbẹ, ẹ má fi ìpara tó ń mú ọ̀dà dán (wax) kankan pa á títí ìgbà tí ìwé ọ̀dà náà bá ní ó ti gan pátápátá. Omi àti ọṣẹ tí kò le ti tó. Ẹ má fi páǹpù alágbára fọn omi sí ibi ìsokọ́. Abẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí, ni kí ẹ máa nù lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, torí ásíìdì wà nínú èéfín yẹn.