Ibi tí ẹ ti lè rí ìwé àlàyé Bíbélì àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́

Arábìnrin wa ní Ṣágámù, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìwé àlàyé Matthew Henry tí ẹ ń wá fún kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi yín, tí ẹ ní owó rẹ̀ ju agbára yín lọ, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ccel.org, ìdìpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti parí lórí wọn nìkan ni. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pín kiri lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á, nítorí òógùn ojú ẹlòmíràn ni.

Ní ti dátà tó ń tán yín lọ́wọ́:

1. Ẹ tẹ orúkọ ìwé náà sórí archive.org.
2. Ẹ fi PDF sílẹ̀, nítorí fọ́tò ojú ìwé ló sábà máa ń jẹ́, ó sì wúwo. "Full Text", ìyẹn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà nìkan láìsí fọ́tò, ni kí ẹ mú. Lẹ́tà Hébérù àti Gíríìkì lè dàrú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé fúnra rẹ̀ yóò ṣeé kà.

Bí ẹ bá dé ìwé Róòmù, ẹ má ṣe sọ fún kíláàsì pé Henry ló wí bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1714 kí iṣẹ́ náà tó parí, àwọn òjíṣẹ́ mìíràn ló sì kọ èyí tó kù, láti Róòmù títí dé Ìfihàn.

Fún ìmúrasílẹ̀ alẹ́ Sátidé, ti Jamieson, Fausset àti Brown, tó jáde ní 1871, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò gùn tó ti Henry.